Omi bromocresol green tí mo rà sí lábù mi n'Íjẹ̀bú-Òde

Oṣù mẹ́ta rèé tí mo ti ń lò ó láti fi wọn iye albumin inú ẹ̀jẹ̀. Paálí kékeré ni, ìgò méjì ló wà nínú rẹ̀: omi aláwọ̀ náà, àti albumin tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀ tá a ó máa fi ṣe òṣùwọ̀n. Ẹgbẹ̀rún méjìdínlógún náírà ni, lẹ́yìn tí mo ná an títí tó fi sú ẹni tó ń tà á. Ẹ má bínú, ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí.

Fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í ṣe ará lábù, albumin ni pòrótéènì tó pọ̀ jù nínú omi ẹ̀jẹ̀. Ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe é. Alágbàárù ni: ó ń ru ọ̀rá, ó ń ru bilirubin, ó ń ru oògùn bíi warfarin. Òun náà ló ń fa omi mọ́ inú iṣan. Tó bá lọ sílẹ̀ jù, ẹsẹ̀ lè wú. Ẹrù tó fẹ́ràn láti máa rù yìí la fi ń mú un. Ó máa gbé àwọ̀ náà mọ́ra, ohun tó pọ́n bí ìyeyè á sì di àwọ̀ ewé. Bí albumin bá ṣe pọ̀ tó ni ewé yẹn ṣe máa ki tó. A ó wá fi ẹ̀rọ tó ń tan ìmọ́lẹ̀ gbà á kọjá kà á ní 630 nm (ìwọ̀n ìgbì ìmọ́lẹ̀ náà nìyẹn).

Àwọ̀ rẹ̀ dára, kò sì wọ́n jù. Àmọ́ ẹ má mì ín jìgìjìgì o! Ohun kan bí ọṣẹ wà nínú rẹ̀, ó máa hó, ìhó yẹn á sì da ẹ̀rọ láàmú.

Ohun tó bí mi nínú ni ìwé inú paálí. Ó ní ká dúró fún ìṣẹ́jú 10. Kí ló dé? Albumin ni àwọ̀ yìí kọ́kọ́ ń so mọ́, kíákíá ni. Tẹ́ ẹ bá fi í sílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ globulin náà, ìyẹn àwọn pòrótéènì mìíràn nínú omi ẹ̀jẹ̀, iye tẹ́ ẹ kà á wá ga ju bó ṣe yẹ lọ. Ìyá kan wá láti Ìmọ̀wò, ẹsẹ̀ méjèèjì wú. Ní ìṣẹ́jú 10, mo ka 3.4 g/dL, bí ẹni pé díẹ̀ ló kù kó pé. Mo po òmíràn, mo kà á ní ìṣẹ́jú àáyá 30: 2.8. Èyí ni mo kọ sínú èsì. Bromocresol purple, àwọ̀ mìíràn tá a lè fi wọn albumin, kì í ṣe báyìí tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n n kò rí i rà nítòsí.

Màá tún rà á, bí ẹni tó ń tà á bá lè yọ ẹgbẹ̀rún méjì kúrò.