Ọrọ́ Orí Òkè Tí Mo Rà ní Ọ̀nà Ìjẹdé

Ọgbà òdòdó kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìjẹdé ní Ìkòròdú, níbi tí mo ti ra ọrọ́ òyìnbó kékeré kan, èyí tí wọ́n ń pè ní Rebutia, ní 6,000 náírà ní oṣù Kejì ọdún tó kọjá. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró títí ó fi lé ní ọdún kan kí n tó kọ ohunkóhun nípa ọgbà náà, nítorí pé ọjọ́ tí a ra irú ewéko báyìí kọ́ ni a ń mọ̀ bóyá òótọ́ ni ẹni tó tà á sọ fún wa.

Ojú mi ti rí nǹkan tẹ́lẹ̀. Ibòmíràn ni mo ti kọ́kọ́ ra ọrọ́ òyìnbó, òdòdó pupa kan sì wà ní góńgó orí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá, òdòdó yìí kò rọ, kò sì pa dé lálẹ́, àfi ìgbà tí mo fọwọ́ kàn án tí mo rí i pé òdòdó gbígbẹ tí wọ́n rẹ láró ni, gọ́ọ̀mù ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ mọ́ ewéko náà lórí. Nígbà tí mo gbìyànjú láti ṣí i kúrò, ó bó o lára, ojú egbò náà sì jẹrà títí ó fi kú. Ó dùn mí gan-an.

Bàbá tó ni ọgbà ọ̀nà Ìjẹdé ni ó kọ́ mi bí a ṣe ń dá òdòdó tòótọ́ mọ̀. Orí kọ́ ni Rebutia ti ń yọ òdòdó. Ẹ̀gbẹ́ ìsàlẹ̀, nítòsí ilẹ̀, ni èèhù pupa kéékèèké ti ń yọ, tí wọ́n á sì tanná yí i ká. Òdòdó náà a máa ṣí bí oòrùn bá ti mú, a sì máa pa dé ní ìrọ̀lẹ́. Tèmi kò tóbi ju ẹyin adìẹ lọ, síbẹ̀ òdòdó méje tí àwọ̀ wọn dà bí ti ọsàn tó pọ́n ni ó yọ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì tí mo gbé e délé, débi pé a kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí ara ewéko náà mọ́.

Kì í ṣe ẹbí ọrọ́ tí a fi ń ṣe ọgbà yí ilé ká lábúlé. Bí a bá gé ìyẹn, oje funfun tó léwu fún ojú ni yóò ṣàn jáde; èyí kò ní irú oje bẹ́ẹ̀, orí ojú kéékèèké onírun ni ẹ̀gún rẹ̀ sì ti ń hù. Ẹ̀gbẹ́ òkè Andes ní Bòlífíà àti àríwá Ajẹntínà ni ó ti wá, ọ̀pọ̀ nínú irú rẹ̀ sì ń hù níbi tó ga ju mítà 1,000 lọ, àwọn kan kọjá 3,000 pàápàá. Karl Schumann, ará Jámánì, ni ó fún un lórúkọ ní 1895, láti fi bu ọlá fún Pierre Rebut, ará Faransé tó ń ta irú ewéko yìí.

Òtútù òkè yẹn, pẹ̀lú ọ̀dá tó ń bá a rìn, ni ó ń mú kí ó tanná, Ìkòròdú etí ọ̀sà kò sì ní irú òtútù bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí Bàbá fi ń kó tirẹ̀ wá láti Jos, tí gíga rẹ̀ tó nǹkan bíi mítà 1,200, lẹ́yìn tí ọyẹ́ bá ti mú un tó. Kò fi pa mọ́ fún mi pé òdòdó ọdún kejì kò ní pọ̀ tó ti àkọ́kọ́. Méjì péré ni ó yọ lọ́dún yìí, bẹ́ẹ̀ gan-an ni ó sì ti wí.

Ní ti ìtọ́jú, omi ni ó ń pa á jù. Iyanrìn líle tí àwọn bíríkìlà ń lò àti òkúta wẹ́ẹ́wẹ̀ẹ̀wẹ́ ni kí ó pọ̀ nínú ilẹ̀ rẹ̀, kí ilẹ̀ dúdú kéré. Mo máa ń dúró kí ilẹ̀ náà gbẹ dé ìdí kí n tó bomi rin ín, n kì í sì í fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lómi rárá nígbà ọyẹ́. Abẹ́ ìbòrí ni ó ń wà ní gbogbo àsìkò òjò, níbi tí oòrùn òwúrọ̀ ti ń kàn án. Bàbá sọ fún mi pé, “Ọmọ mi, bí ọwọ́ bá ń yún ọ láti bomi rin ín, lọ fọ aṣọ.” Nígbà tí kòkòrò funfun bí òwú bò ó lára, òwú tí mo rì sínú sípíríìtì ni mo fi nù ún, wọ́n sì lọ.

Àléébù ọgbà náà kò ju méjì lọ, ṣùgbọ́n èkíní wúwo: ìkòkò dídán tó rẹwà tí wọ́n fi ń ta ọrọ́ náà kò ní ihò nídìí. Díẹ̀ ló kù kí tèmi jẹrà sínú rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Bàbá gbà á padà, ó sì fún mi ní ìkòkò amọ̀ onihò láìgba kọ́bọ̀. Èkejì ni pé páànù ẹ̀yìn ọgbà ń jò, nítorí náà, kí a má ṣe mú nínú àwọn tó wà níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kí ó lọ ní oṣù Kejì, kí ẹrù Jos tó tán, kí ó sì béèrè fún ìkòkò amọ̀ kí ó tó sanwó.