Global Tailings Portal: mo ti lò ó dáadáa, ẹ jẹ́ n sọ bó ṣe rí

Ohun kékeré kan ni mò ń wá o, gíga dáàmù kan ṣoṣo. Kọ́ńpìnì ìwakùsà kan ló ni dáàmù yẹn, mi ò ní dárúkọ wọn. Wọ́n ní ìròyìn ọdọọdún àwọn wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó bá wù ú lè kà á, òótọ́ sì ni, ó wà níbẹ̀, PDF tó lé ní igba ojú ewé, fọ́tò òṣìṣẹ́ tó ń rẹ́rìn-ín kún inú ẹ̀ bámú, igi tí wọ́n gbìn náà ò gbẹ́yìn, ìgbà tí mo wá dé ibi tábìlì tí mò ń wá, àwòrán ni wọ́n ya tábìlì ọ̀hún tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ojú ewé, kò ṣeé wá ọ̀rọ̀ nínú ẹ̀, kò ṣeé kọ́pì, mo fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù, ó di bàìbàì. Ẹni tó ní òun ò ti ilẹ̀kùn, tó wá kó òkúta dí ẹnu ọ̀nà, ṣé onítọ̀hún ṣí ilẹ̀kùn?

Bí mo ṣe ń ráhùn kiri nìyẹn tí ẹnì kan fi lìńkì Global Tailings Portal ránṣẹ́ sí mi, ìyẹn sáìtì tí wọ́n kó ọ̀rọ̀ nípa dáàmù ẹrẹ̀ àwọn kọ́ńpìnì ìwakùsà jọ sí.

Fún ẹ̀yin tí ẹ ò mọ ohun tó ń jẹ́ tailings: tí wọ́n bá wa òkúta jáde tán, wọ́n á lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n á fi omi àti kẹ́míkà yọ góòlù tàbí kọ́pà tó wà nínú ẹ̀, ìyókù á wá di ẹrẹ̀. Ẹrẹ̀ yìí kì í ṣe páànù kan tàbí méjì, ó ń pọ̀ sí i lójoojúmọ́ títí ibi ìwakùsà á fi kásẹ̀ nílẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń mọ ògiri ńlá yí i ká. Dáàmù la ń pè é, àmọ́ omi tó ṣeé mu kọ́ ló wà nínú ẹ̀.

Ohun tó bí sáìtì yìí ò dáa rárá. Ní ọjọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2019, ní Brumadinho lórílẹ̀-èdè Bùràsíìlì, irú dáàmù bẹ́ẹ̀ kan wó ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀ ọ̀sán. Ó ga tó mítà 86. Wọn ò tiẹ̀ da ẹrẹ̀ sínú ẹ̀ mọ́ láti bí ọdún mélòó kan, ìwé ẹ̀rí pé ó dúró gbọn-in sì wà nílẹ̀. Ilé ìjẹun àwọn òṣìṣẹ́ wà nísàlẹ̀ dáàmù yẹn gan-an, àsìkò oúnjẹ ọ̀sán ló sì wó. Èèyàn 270 ló kú. Lẹ́yìn ẹ̀ làwọn tó ń bójú tó owó ìfẹ̀yìntì Ìjọ Áńgílíkà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtàwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti Sweden kọ lẹ́tà sí àwọn kọ́ńpìnì tó ju 600 lọ: ẹ dárúkọ gbogbo dáàmù ẹrẹ̀ tẹ́ ẹ ní, ẹ dáhùn ìbéèrè 20 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀gá pátápátá fọwọ́ sí i, ọjọ́ 45 lẹ ní. Ẹ ò rí i, ẹni tó ń gbé nísàlẹ̀ dáàmù lè béèrè títí ẹnu á bó o, àmọ́ nígbà tí ẹni tó lówó nínú òwò wọn béèrè, ohùn jáde. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, a ṣáà ti ń sọ ọ́ tipẹ́.

GRID-Arendal, àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àyíká ní Norway, ló kó ìdáhùn wọ̀nyẹn jọ tí wọ́n gbé e síta lọ́dún 2020, dáàmù tó lé ní 1,700 ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ọ̀fẹ́ ni. Máàpù wà, o lè wá a pẹ̀lú orúkọ kọ́ńpìnì tàbí orílẹ̀-èdè, tó o bá tẹ dáàmù kan, gíga ẹ̀, bí ẹrẹ̀ inú ẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ọdún tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í lò ó, ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ ọ́n, gbogbo ẹ̀ á jáde síbì kan náà. Èmi tí mo ti jìyà PDF, inú mi dùn débi pé mo kàn ń tẹ̀ ẹ́ kiri ni, ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú mọ́ mi lórí.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò ni ọ̀nà tí wọ́n gbà mọ ọ́n. Tẹ́ ẹ bá rí upstream níbẹ̀, ẹ dúró ná. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé wọ́n mọ ògiri kékeré kan, wọ́n da ẹrẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, nígbà tí ẹrẹ̀ gbẹ díẹ̀ wọ́n mọ ògiri mìíì lé orí ẹrẹ̀ yẹn fúnra ẹ̀, wọ́n tún mọ òmíì, bó ṣe ń ga sí i ló ń sún wọnú. Ìyẹn ni pé ẹrẹ̀ tó yẹ kí ògiri dá dúró, òun náà ló tún ń gbé ògiri. Ó dínwó ni wọ́n ṣe fẹ́ràn ẹ̀. Tí omi bá wá pọ̀ jù nínú ẹ̀ tàbí tí ilẹ̀ mì, ohun tó ti gan tẹ́lẹ̀ lè ṣàdédé máa ṣàn bí omi. Ṣílè fòfin dè é lẹ́yìn tí ilẹ̀ mì lọ́dún 1965 tí dáàmù El Cobre sì pa èèyàn tó ju 200 lọ, Bùràsíìlì ò fòfin dè é àfìgbà tí Brumadinho ṣẹlẹ̀. Nínú àwọn dáàmù tí wọ́n kọ ránṣẹ́ sí sáìtì yìí, bí ìdá 37 nínú ọgọ́rùn-ún ló jẹ́ upstream. Mo ka nǹkan yẹn lẹ́ẹ̀mejì.

Ìbéèrè tó wá kó mi láyà sókè jù nìyí: ṣé ìgbà kankan wà rí táwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ò lè fọwọ́ sí i pé dáàmù yìí dúró dáadáa? Bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni irú ìṣòro bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí, kọ́ńpìnì fúnra wọn ló sì sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ọ̀tá wọn. Èmi o, mo fọkàn tán ẹni tó kọ "bẹ́ẹ̀ ni" tó wá ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ àti bó ṣe tún un ṣe ju ẹni tó kọ "rárá" ṣókí tó sì bá tiẹ̀ lọ.

Ibi tó kù sí nìyẹn náà. Ẹlẹ́jọ́ ló ń ròyìn ara ẹ̀, ohun tí kọ́ńpìnì bá kọ lẹ máa rí. Ẹ tún ṣọ́ra fún ibi tí wọ́n ti kọ "high" tàbí "extreme", kò túmọ̀ sí pé dáàmù ọ̀hún fẹ́ wó o, ohun tó ń sọ ni bí jàǹbá á ṣe pọ̀ tó tó bá wó, dáàmù tó lágbára gan-an lè jẹ́ "extreme" torí pé ìlú wà nísàlẹ̀ ẹ̀. Òṣùwọ̀n tí wọ́n ń lò ní Kánádà sì yàtọ̀ sí ti Ọsirélíà, ẹ má kàn kó wọn pa pọ̀ kẹ́ ẹ máa kà wọ́n bí ẹní ka ẹ̀wà, ẹ wo òṣùwọ̀n tí wọ́n lò kẹ́ ẹ tó fi wọ́n wéra. Mo fún un ní 4 nínú 5 ṣá.

Máàkì kan tí mo yọ, ọ̀rọ̀ dáàmù tèmi ni. Mo wá a títí, mo wá a pẹ̀lú orúkọ kọ́ńpìnì, mo wá a lórí máàpù, kò sí. Ìgbà tó yá ló yé mi: àwọn kọ́ńpìnì tí wọ́n ń ta ìpín ìdókòwò wọn ní gbangba ni wọ́n kọ lẹ́tà sí, ti àwọn wọ̀nyí ò sí lọ́jà, kò sẹ́ni tó bi wọ́n ní ìbéèrè kankan. Ni mo bá tún padà sídìí PDF. Mítà 64 ni àbí 84, mo ti fẹ̀ ẹ́ títí, mi ò tíì lè sọ.