Mo ń fa díríìpù sí ológbò mi lára nílé, bó ṣe ń lọ rèé

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí ṣẹ̀sín o. Àdùkẹ́ ológbò mi, ọmọ ọdún 13, kíndìnrín ẹ̀ ti ń kọṣẹ́ sílẹ̀, èmi ni mo sì ń fa omi sí i lára nínú pálọ̀ wa n'Íbàdàn níbí, ó ti lé lóṣù mẹ́rin. Àwọn èèyàn ń bi mí ṣáá pé ṣé nǹkan yẹn ń ṣiṣẹ́, ẹ jẹ́ n kúkú sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan.

Omi ló kọ́kọ́ ń mu ní àmujù, tó wá ń tọ̀ ṣáá, èmi rò pé ooru ni. Ìgbà tó rù tí ẹnu ẹ̀ ń rùn ni mo tó gbé e lọ, wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ wò, creatinine (ìdọ̀tí tó yẹ kí kíndìnrín máa sẹ́ kúrò nínú ẹ̀jẹ̀) ti lọ sókè, dókítà ní ipele kẹta nínú mẹ́rin la wà, pé èyí tó ti bàjẹ́ ò lè padà mọ́. Mo sunkún débi pé onímárúwá bi mí pé ta ló kú.

Ringer's Lactate, omi díríìpù oníyọ̀, ni wọ́n kọ fún wa, oní-500 ml, 100 ni mò ń fún un lẹ́ẹ̀kan, bí mo bá fún un lónìí mo máa fo ọ̀la. (Ti Àdùkẹ́ nìyẹn o, ẹ má wo tèmi fún tiyín, omi tó bá pọ̀ jù lè wọ inú ẹ̀dọ̀fóró.) Mo máa kọ́kọ́ gbé ike díríìpù yẹn sínú abọ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, torí omi tútù máa ń jẹ́ kí Àdùkẹ́ fò dìde, mo kán an sọ́wọ́ mi wò, mo gbé e kọ́ ìṣó kọ́tìnì. Lẹ́yìn náà màá fa awọ ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀ sókè bí ìgbà tí ìyá ológbò bá fẹ́ gbé ọmọ ẹ̀, abẹ́ awọ yẹn ni abẹ́rẹ́ ń lọ, kì í ṣe iṣan. Èjìká ẹ̀ á wú bíi pé ó ru ẹrù, tó bá máa fi di alẹ́ omi yẹn ti sọ̀ kalẹ̀ sí ẹsẹ̀, ara á fà á mu. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí mo rí i, mo pe dókítà láago mọ́kànlá alẹ́, ojú tì mí.

Ohun tó bí mi nínú: abẹ́rẹ́ tó bá rọ́bà díríìpù wá. Ó le, omi ò sì yára sáré níbẹ̀, Àdùkẹ́ ya mí lọ́wọ́ yánnayànna. Àfìgbà tí mo lọ ra abẹ́rẹ́ 20 gauge (bó ṣe sanra tó ni 20 yẹn, kì í ṣe iye ẹ̀) lọ́tọ̀, tí mò ń lo tuntun nígbà kọ̀ọ̀kan, ni ilé wa tó rójú. Ẹ̀ẹ̀kan tún wà tí ọmọkùnrin kan ní kẹ́míìsì fẹ́ fún mi ní èyí tó ní dextrose nínú, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. Irọ́ ni o! Ṣúgà ò yẹ lábẹ́ awọ, ó lè di eéwo. Ẹ ka ara ike yẹn kẹ́ ẹ tó sanwó.

Oúnjẹ kíndìnrín tí wọ́n ń tà yẹn ńkọ́? Ó dáa, phosphorus ẹ̀ (èròjà tó máa ń ni kíndìnrín tó ti ń ṣàìsàn lára) ò pọ̀, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ bùáyà, Àdùkẹ́ sì kẹ̀yìn sí i. Ẹ má ní ẹ fẹ́ febi pa á kó tó jẹ ẹ́ o, ológbò tí ò bá jẹun fún ọjọ́ méjì mẹ́ta, ẹ̀dọ̀ ẹ̀ lè dàrú. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń pò ó mọ́ títù, ṣíbí kan, ṣíbí méjì, títí títù fi tán níbẹ̀. Tí mo bá ní kí n fún wọn ní máàkì, oúnjẹ gba mẹ́ta nínú márùn-ún. Díríìpù, mẹ́rin, abẹ́rẹ́ ló jẹ ẹ̀kan yòókù.

Díríìpù yìí ò wò ó sàn, kò sì lè wò ó sàn. Ṣùgbọ́n ó ń jẹun, ó ti tún ń fò gun fírísà, ó pa aláǹgbá kan ní Sátidé. Màmá mi ṣì ń sọ pé èmi tí mi ò kì í lọ ọsibítù, ẹran ni mò ń fa omi sí lára.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Bódìjà sí Mọ́kọ́lá, ẹni tó bá mọ ibi tí wọ́n ti ń ta abẹ́rẹ́ 20 gauge ní páálí, kì í ṣe ẹyọ ẹyọ, ẹ bá mi sọ ọ́ jàre, tèmi ti ku mẹ́fà.