Àyẹ̀wò áàpù atúmọ̀-èdè kan: ibi tí ọ̀rọ̀ «much» ti ṣẹ̀ wá

Olùkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni mí ní Ṣàgámù, iṣẹ́ kíláàsì ni mo sì ra áàpù yìí fún. Ohun tó fi yàtọ̀ sí àwọn ọ̀fẹ́ tó kún orí fóònù ni pé ó máa ń tọ ìdí ọ̀rọ̀ dé ìpilẹ̀, kì í sì í jẹ dátà mọ́ lẹ́yìn tí a bá ti gbà á sórí fóònù tán.

Abẹ́ ọ̀rọ̀ «much» ni mo ti gbádùn rẹ̀ jù. Bí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ẹ ó rí i pé «micel» ni àwọn ará England ayé àtijọ́ ń pè é, pé «ńlá» ni ìtumọ̀ rẹ̀ nígbà náà, àti pé nígbà tó yá ni ó fi ọ̀rọ̀ ìtóbi sílẹ̀ tó di ọ̀rọ̀ iye. Àwọn ìbátan rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú: «mikils» ti Gothic, èdè àtijọ́ kan tí ẹnikẹ́ni kò sọ mọ́, èyí tí a mọ̀ láti inú Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ ní ọ̀rúndún kẹrin, «mikill» ti Norway àti Iceland àtijọ́, «mihhil» ti Jámánì àtijọ́. Ó tilẹ̀ mẹ́nu ba abúlé Muchelney ní Somerset ní England, tí orúkọ rẹ̀ túmọ̀ sí erékùṣù ńlá. Ìyẹn ni àwọn ọmọ kíláàsì mi fẹ́ràn jù, bóyá nítorí pé ìtàn orúkọ ìlú kì í sú wa ní Rẹ́mọ.

Àbùkù rẹ̀ ni pé wọ́n fa ọfà láti ara Gothic wá sí ara Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni pé òun ló bí i. Lóòótọ́, nínú Gothic ni ìwé gígùn ti kọ́kọ́ wà láàárín àwọn èdè wọ̀nyí, ṣùgbọ́n ẹ̀ka ọ̀tọ̀ ni, gẹ́gẹ́ bí ẹnikẹ́ni kò ti lè sọ pé ẹ̀ka-èdè Oǹdó ló bí ti Rẹ́mọ. «*Mikilaz» ni baba ńlá gbogbo wọn. Ìràwọ̀ iwájú rẹ̀ ń sọ fún wa pé a kò bá a nínú àkọsílẹ̀ kankan, àwọn onímọ̀ ló fi àwọn ọ̀rọ̀ tó kù ṣírò rẹ̀. Áàpù náà tẹ ìràwọ̀ ọ̀hún wẹ́wẹ́ láìṣàlàyé rẹ̀, nítorí náà èmi ni mo ń fi ṣọ́ọ̀kì yà á gàdàgbà sójú pátákó. Kò tún sọ èyí tó ṣì wà láàyè, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará Iceland ń lo «mikill» títí dòní, nígbà tí àwọn ará Jámánì ti fi «groß» rọ́pò tiwọn.

Fún olùkọ́, owó rẹ̀ tó ó san. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò WAEC nìkan ká lára lè fi owó rẹ̀ ra ìwé ìbéèrè àtẹ̀yìnwá.