Òkété Siem Reap: ibi tí owó àjọ wa ná sí

Ọmọ ọdẹ ni mí. Ní Ìsẹ́yìn tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, òkété tí mo mọ̀ ni èyí tí bàbá mi bá gbé ti oko dé lálẹ́, tí ìyá mi á wi lórí iná, tí òórùn rẹ̀ á gba gbogbo àgbàlá. Mo mọ òkété tí wọ́n fi ń bọ Ifá. Mo mọ òkété inú ìtàn, èyí tó bá Ifá mulẹ̀ tó sì dalẹ̀, tí a fi ń bá ọ̀dàlẹ̀ wí títí dòní. Ṣùgbọ́n òkété tó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, tí wọ́n ń fi ìpara pa etí àti ìrù rẹ̀ kí oòrùn má bàa jó o, mi ò gbọ́ irú rẹ̀ rí àfi ìgbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìn-àjò wa sí Kàmbódíà àti Láósì. Oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2025 la lọ. Mo ti ń gbèrò àtikọ àbọ̀ rẹ̀ látìgbà náà.

Àwa mẹ́rin ni. Ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan náà la ti jáde ní Ìbàdàn. Mẹ́ta wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì báyìí, ẹnì kan ṣì wà l'Ékòó. Oṣù méjìdínlógún la fi dá àjọ, £120 lóṣù lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rẹ́ wa ará Iléṣà la gbé àpò owó lé lọ́wọ́, nítorí ọmọ òṣómàáló kì í jẹ́ kí owó sùn sọ́nà. Ìyá Ìbejì, ọ̀kan nínú àwa mẹ́rin, ló dá a lábàá, kí a tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú rárá, pé kí a yọ ìdámẹ́wàá sọ́tọ̀ fún àwọn aráàlú tí a fẹ́ lọ bá. £864 ló jẹ́. Ó ní òun ò fẹ́ kó jẹ́ owó tí a ó máa yọ lápò ségesège nígbàkígbà tí àánú bá ṣe wá lójú ọ̀nà. Òun fẹ́ kí a mọ ọwọ́ tó máa bọ́ sí kí a tó kúrò nílé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi.

Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìrìn-àjò la kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀. Ètò tí wọ́n kọ ránṣẹ́ dùn ún kà, àfi ìgbà tí mo dé ọjọ́ kẹrin. Wọ́n ní a ó lo ọ̀sán ọjọ́ náà ní ilé ọmọ aláìlóbìí, kí a gbé bisikíìtì dání, àwọn ọmọ á jó fún wa, a ó sì bá wọn ya fọ́tò. Mo pè wọ́n. Mo béèrè ta ni òbí àwọn ọmọ wọ̀nyí, ta ló sì yọ̀ǹda kí àjèjì wọlé tọ̀ wọ́n. Ẹni tó gbé fóònù ní kí n fọkàn balẹ̀, inú àwọn ọmọ náà máa ń dùn.

Nọ́ọ̀sì ọmọdé ni mí. Ní wọ́ọ̀dù tí mo ti ń ṣiṣẹ́, àjèjì ò jẹ́ gba ẹnu ọ̀nà kọjá kó máa ya ọmọ ọlọ́mọ ní fọ́tò. Kí ló wá dé tó fi di ohun tó dára nítorí pé ọmọ Kàmbódíà ni? Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ tó wà nírú ilé bẹ́ẹ̀ lọ́hùn-ún ló ní bàbá tàbí ìyá tó wà láàyè. Ìṣẹ́ ló gbé wọn débẹ̀, owó àlejò sì ń mú kí àwọn onílé máa wá ọmọ sí i. Ẹgbẹ́ Friends-International, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ láàárín àwọn ọmọ ìgboro Phnom Penh, olú ìlú Kàmbódíà, ní 1994, ti ń kìlọ̀ fún arìnrìn-àjò tipẹ́ pé ọmọdé kì í ṣe ohun ìran. A fi ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀. Owó àsansílẹ̀ wa, wọn ò dá a padà. Ó dùn mí, àmọ́ mi ò kábàámọ̀.

Bá a ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é fúnra wa nìyẹn, ní alẹ́ ọjọ́ Àìkú, lórí WhatsApp, ẹnì kan ń ro ọbẹ̀, ẹnì kan ń múra iṣẹ́ alẹ́. Ohun tí a ń wá kò le: ibi tí àgbàlagbà ti ń ṣiṣẹ́ tó ń gbowó iṣẹ́ rẹ̀, tí àlejò lè wọ̀ kó rí iṣẹ́ náà lójú, tí owó tó san ń gbé iṣẹ́ náà lọ. Ẹ̀gbọ́n wa tó wà l'Ékòó ló rí òkété náà. Ó fi fọ́tò ránṣẹ́, ó kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ọmọ ọdẹ, ṣé o rí ẹbí yín?"

APOPO ni orúkọ ẹgbẹ́ tó ni wọ́n. Ará Bẹ́ljíọ̀mù kan, Bart Weetjens, ló dá a sílẹ̀ ní 1997, ṣùgbọ́n Morogoro ní Tànsáníà ni wọ́n ti ń tọ́ àwọn òkété náà tí wọ́n sì ń kọ́ wọn níṣẹ́. Ọmọ Áfíríkà pọ́ńbélé ni wọ́n, ìbátan èyí tó ń gbẹ́ ihò nínú oko wa. Láti 2016 ni wọ́n ti ń fi wọ́n wá àdó olóró tí wọ́n rì sábẹ́ ilẹ̀ Kàmbódíà lákòókò ogun. Láti 1979, ó lé ní 60,000 ènìyàn tí àwọn àdó olóró náà àti bọ́ǹbù tí kò tíì bú ti pa tàbí ṣe léṣe. Àgbẹ̀ tó ń lọ sóko ìrẹsì ń tẹ̀ ẹ́. Ọmọ tó ń da màlúù ń tẹ̀ ẹ́.

Ìlú Siem Reap ní Kàmbódíà ni ibi tí wọ́n ti ń gba àlejò wà, lójú ọ̀nà tó lọ sí Angkor Wat, tẹ́ńpìlì àtijọ́ tí àlejò ń wọ́ lọ wò. Kẹ̀kẹ́ tó dà bíi Màrúwà tiwa ló gbé wa débẹ̀ láti àárín ìlú, kò sì pẹ́ rárá. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ tètè lọ láàárọ̀. Ọ̀sán gangan la lọ ní tiwa, nítorí pé àwa la jẹ́ kí ọjọ́ wa kún jù, oòrùn sì fìyà jẹ Ìyá Ìbejì tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru.

Ọmọbìnrin kan tí kò tíì tó ọgbọ̀n ọdún ló mú wa rìn. Ó kọ́kọ́ mú wa dé ìdí tábìlì tí wọ́n to àwọn àdó olóró sí, àwọn tí wọ́n ti yọ oró inú wọn. Ọ̀kan kò ju agolo mílíìkì lọ. Mo gbé ojú mi sún mọ́ ọn: àwọ̀ ewé ni wọ́n kùn ún, ó sì ti ṣá bí ike tó pẹ́ nínú òjò. Bí mo bá rí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ odò, ìdérí nǹkan ni ǹ bá pè é, ǹ bá fi ẹsẹ̀ ta á kúrò lọ́nà.

Lẹ́yìn náà wọ́n gbé òkété jáde. Òkété ni, ẹ gbà mí gbọ́: ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó wú, etí fẹ́lẹ́ tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá, ìrù tí ìdajì rẹ̀ dúdú tí òkè ṣóńṣó rẹ̀ funfun. Wọ́n wọ ìjánu kékeré fún un láyà, wọ́n so ó mọ́ okùn tí ènìyàn méjì dì mú ní eteetí ilẹ̀ tí wọ́n fi ń ṣàfihàn. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, imú rẹ̀ ò kúrò nílẹ̀. Nígbà tó dé ibì kan, ó dúró. Ó padà sẹ́yìn díẹ̀. Ó wá fi ọwọ́ méjèèjì ha ilẹ̀, ha-ha-ha, kíákíá, bí ìgbà tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ihò. Ẹni tó dì í mú tẹ nǹkan kan tó dún kẹ́, òkété sì sáré lọ bá a, ó gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, ó sì rọ́ ọ sínú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Omi bọ́ lójú mi. Òkété tí a fi ń júwe ọ̀dàlẹ̀ nílé wa ló ń ṣọ́ ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ yìí.

Ìdí tí iṣẹ́ náà fi yẹ ẹ́ rọrùn láti yé ènìyàn. Kò wúwo tó ohun tó lè mú àdó olóró bú. Òórùn TNT, oró tó ń bú nínú àdó náà, ló ń wá, kì í ṣe irin, nítorí náà ìṣó àti páànù tó dípẹtà kì í dá a dúró bí wọ́n ṣe ń dá ẹni tó gbé ẹ̀rọ ìwárin dúró. Ilẹ̀ tó tó pápá tẹníìsì, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ni òkété fi ń wá a tán. Ẹni tó gbé ẹ̀rọ lè lo ọjọ́ mẹ́rin níbẹ̀. Magawa ló lókìkí jù nínú wọn. Àdó olóró 71 ló wá jáde pẹ̀lú bọ́ǹbù 38 tí kò tíì bú, wọ́n sì fún un ní àmì ẹ̀yẹ oníwúrà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 2020. Ó fẹ̀yìn tì ní 2021, ó kú ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 2022. Wọ́n ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ti Magawa, ọwọ́ àwọn tó bá ṣiṣẹ́ ló ti jẹun títí ó fi kú. A ti padà délé nígbà tí ìròyìn dé ní oṣù Igbe 2025 pé òkété mìíràn, Ronin, ti kọjá rẹ̀: àdó olóró 109.

Ọmọbìnrin náà béèrè ibi tí a ti wá. Mo sọ fún un, mo sì sọ orúkọ tí à ń pe ẹranko náà. Ó gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, "òkété, òkété," títí ohùn rẹ̀ fi bọ́ sí i, ó sì yíjú sí òkété náà, ó fi orúkọ ọ̀hún kí i. Ó ní kí la ń fi ṣe nílé. Mi ò lè purọ́ fún un. Mo ní à ń jẹ ẹ́, à sì ń fi rúbọ. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní àwọn náà ń jẹ eku oko ìrẹsì lábúlé àwọn.

Ohun tó gbà wá lọ́kàn jù, àwa nọ́ọ̀sì, ni iṣẹ́ kejì tí òkété ń ṣe ní Tànsáníà. Wọ́n ń fi wọ́n gbóòórùn ikọ́ fée nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ aláìsàn. Ọgọ́rùn-ún àyẹ̀wò, ogún ìṣẹ́jú. Ará Iléṣà dúró lójú kan, ó ń ka ohun tí wọ́n kọ sára ògiri lẹ́ẹ̀kejì, lẹ́ẹ̀kẹta. Ọdún mẹ́fà ló fi ṣiṣẹ́ ní wọ́ọ̀dù ikọ́ fée kó tó kúrò nílé. Ó mọ iye ènìyàn tí èsì àyẹ̀wò wọn dé lẹ́yìn tí wọ́n ti kú.

Bí ẹ bá wà ní Siem Reap, ẹ ò ní ṣàì lọ sí Angkor. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ mẹ́ta jẹ́ $62, $2 nínú rẹ̀ sì ń lọ sí ilé ìwòsàn ọmọdé Kantha Bopha. Beat Richner, dókítà ọmọ Switzerland, ló gbé àwọn ilé ìwòsàn náà dìde padà lẹ́yìn ogun. Alaalẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta ló máa ń ta sẹ́lò, gòjé ńlá àwọn òyìnbó, fún àlejò láti fi tọrọ owó, títí àìsàn fi dá a dúró. Ó kú ní 2018. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń tọ́jú ọmọ níbẹ̀. A lọ dúró níwájú èyí tó wà ní Siem Reap, a wo àwọn ìyá tó jókòó pẹ̀lú ọmọ lẹ́yìn, a ò sì wọlé. Kò sóhun tí a fẹ́ wọlé ṣe.

Lálẹ́, a wo eré Phare. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ta òkìtì, tí ìlù àti orin wọn kì í dákẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ wọn wà ní Battambang, àwọn ọ̀dọ́ mẹ́sàn-án tó ti àgọ́ àwọn tí ogun lé kúrò nílé bọ̀ ló dá a sílẹ̀ ní 1994, owó eré ló sì ń ran ilé ẹ̀kọ́ náà lọ́wọ́. Ẹ ra tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Ọ̀rọ̀ owó náà rèé: dọ́là ni wọ́n ń ná níbẹ̀ pẹ̀lú owó tiwọn, ṣùgbọ́n èyí tó bá ya díẹ̀, wọn kì í gbà á. Ẹ kó owó tuntun dání.

Láti ibẹ̀ a kọjá sí Vientiane, olú ìlú Láósì, nítorí ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ COPE. Láàárín 1964 sí 1973, bọ́ǹbù tí ọkọ̀ òfuurufú Amẹ́ríkà jù sórí Láósì ju mílíọ̀nù méjì tọ́ọ̀nù lọ, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kéékèèké rẹ̀ ò sì bú. Wọ́n rí roboto bíi bọ́ọ̀lù, ọmọdé ń gbé wọn ṣeré. COPE ń bá àwọn tó sọ ẹsẹ̀ tàbí apá nù wá ẹsẹ̀ àtọwọ́dá. Wọn kì í gba owó ìwọlé; ohun tí ẹ bá fẹ́ lẹ fi sílẹ̀. Níbẹ̀ ni wọ́n kó àwọn ẹsẹ̀ tí àwọn aláìlẹ́sẹ̀ fúnra wọn ti ṣe sí, kí wọ́n tó rí ìrànlọ́wọ́: ti ọparun, ti igi, ti irin ara bọ́ǹbù. Mo wo ọ̀kan tí ojú ibi tí orúnkún ń gbé ti dán bọ̀rọ́ bí ọwọ́ ọmọ odó. Báwo ni awọ ara ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe rí? Mo ti tọ́jú ojú egbò irú bẹ́ẹ̀ rí, mi ò sì lè kúrò níwájú rẹ̀ títí wọ́n fi wá pè mí.

Bí a ṣe pín £864 náà: £300 fún APOPO, £264 fún COPE, £200 fún Kantha Bopha, £100 fún Phare. Orí íntánẹ́ẹ̀tì la ti san án, a gba ìwé ẹ̀rí, ará Iléṣà sì kó gbogbo rẹ̀ pamọ́. APOPO tún ń jẹ́ kí ènìyàn gba òkété kan ṣe tirẹ̀, kó máa san owó díẹ̀ lóṣooṣù. Ìyá Ìbejì ti gba ọ̀kan fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní ọjọ́ kan péré ní Siem Reap lẹ́yìn Angkor, ọ̀dọ̀ àwọn òkété APOPO ni kí ẹ fi lọ. Ẹ mú ọmọ dání, wọ́n á gbádùn rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀rù eku ń bà lè dúró sẹ́yìn, kò sẹ́ni tó máa fipá mú un sún mọ́ ọn.

Nígbà tí mo pe bàbá mi, mo ṣàlàyé gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ ọ dé ìparí, wọn ò já lu ọ̀rọ̀ mi. Wọ́n béèrè bí wọ́n ṣe ń mú un láì jẹ́ kó bu wọ́n jẹ. Mo ní láti kékeré ni wọ́n ti ń gbé e lọ́wọ́. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí n fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù àbúrò mi, kí àwọn fi han ẹgbẹ́ ọdẹ.