Mọ́nítọ̀ 165Hz tí mo rà ní Computer Village, àti wáyà tí wọ́n yọ nínú páálí rẹ̀

Kí èèyàn ta mọ́nítọ̀ géèmù fún oníbàárà, kó gba owó rẹ̀ pé, kó sì ti yọ wáyà tó ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ kúrò nínú páálí, olè jíjà ni. Mi ò mọ orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pè é. Mo ń kọ èyí nítorí ó dá mi lójú pé ọ̀pọ̀ nínú yín tó ń gbá géèmù ní Èkó yìí ló ti sanwó 144Hz tàbí 165Hz (Hz ni iye ìgbà tí ojú mọ́nítọ̀ ń pààrọ̀ àwòrán ní sẹ́kọ́ńdì kan), tó sì jẹ́ pé 60Hz lẹ ń lò nílé títí di bí mo ṣe ń wí yìí.

Ẹ jẹ́ kí n yára kọjá ohun tí gbogbo wa mọ̀. Íńṣì 27 ni, 1440p (bí àwòrán rẹ̀ ṣe mọ́ kedere tó), IPS (irú ojú mọ́nítọ̀ kan), 165Hz, FreeSync, tó ń mú iye Hz bá iye àwòrán tí géèmù ń gbé jáde mu, wà lára rẹ̀. ₦390,000 ni mo rà á lẹ́yìn tí mo ti ná an títí ọ̀nà ọ̀fun mi fi gbẹ. Tòkunbọ̀ wà ní Ọ̀tìgbà, ní Computer Village ní Ìkẹjà, bí ilẹ̀ bí ẹní, owó wọn sì mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n mọ́nítọ̀ ọ́fíìsì ló pọ̀ jù nínú wọn, 60Hz ni wọ́n sì máa ń jẹ́. Wọ́n tún gbé VA kan wá, irú ojú mọ́nítọ̀ mìíràn, tí owó rẹ̀ kéré sí tèmi. Mo kọ̀ ọ́. Níbi tí géèmù bá ti ṣókùnkùn, VA olówó pọ́ọ́kú máa ń fa dúdú lẹ́yìn ohun tó bá ń sáré, ẹni tó ń wá ọ̀tá nínú òjìji kò sì lè gba ìyẹn láàyè.

Ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù náà ju mí lọ, ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ó gbà mí tọwọ́ tẹsẹ̀, ó ní kí wọ́n bá mi ra omi tútù. Ó so mọ́nítọ̀ mọ́ láàpútọ́ọ̀pù, ó ṣí fídíò ọkọ̀ tó ń sáré ìje lórí YouTube, ó ní, “Ọ̀gá mi, ẹ wò bó ṣe ń yọ̀. 165 yín nìyẹn.” Mo sọ fún un pé fídíò kò lè fi 165 han ẹnikẹ́ni: àwòrán 24 ní sẹ́kọ́ńdì kan ni sinimá, YouTube fúnra rẹ̀ kì í kọjá 60. Mo ní kó jẹ́ kí n ṣí ibi tí Windows ti ń kọ iye Hz. Ó ní láàpútọ́ọ̀pù yẹn ti pẹ́, kò lè gbé e, pé tí mo bá délé màá rí i. Mo tún rí selótéèpù aláwọ̀ búráùn tí wọ́n lẹ̀ lé orí selótéèpù ilé iṣẹ́ lẹ́nu páálí. Mo béèrè. “Kọ́sítọ́ọ̀mù ló tú u wò ní Apápá,” ló fi dá mi lóhùn kí n tó sọ̀rọ̀ tán. “Kò sí ohun tó kúrò níbẹ̀.”

Mo gbé e lọ sí Súrùlérè. Kọ̀ńdọ́ gba owó ìjókòó méjì lọ́wọ́ mi nítorí páálí náà, mo san án láìjiyàn, inú mi ń dùn.

Nígbà tí mo tú ẹrù, HDMI kan ṣoṣo ni mo bá nínú rẹ̀, ó tín-ín-rín bí okùn bàtà, kò sí àkọlé kankan lára rẹ̀. Mo so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, káàdì àwòrán RX 6600 ló wà nínú rẹ̀. Windows bẹ̀rẹ̀ ní 60Hz, èyí kì í ṣe tuntun, bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Mo wọ Settings, mo wọ Display, mo tẹ Advanced display. Ibi tí iye náà parí sí ni 144. Kò sí 165. Mo yan 144: ojú mọ́nítọ̀ ṣú dùdù, ó padà wá, ó tún ṣú. Mo dá a padà sí 60, ó dúró ṣinṣin. Mo tún yan 144, ó tún ṣú. Mo wá yí páálí náà padà. Wọ́n ya gbogbo ohun tó yẹ kó wà nínú rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ páálí, ìdí mọ́nítọ̀, ìdè, ádápítọ̀, àti wáyà DisplayPort (DP), wáyà mìíràn tó ń so mọ́nítọ̀ mọ́ kọ̀ǹpútà. Àwòrán rẹ̀ wà níbẹ̀ gbangba, wọ́n sì kọ orúkọ rẹ̀ sábẹ́ rẹ̀.

Mo pe ẹ̀gbọ́n lórí fóònù.

“Ẹ̀gbọ́n, wáyà DP kò sí nínú rẹ̀.”

“Kì í bá a wá.”

“Wọ́n ya á sára páálí, sà.”

“Páálí ti Yúróòpù nìyẹn. Èyí tó ń wá sí Nàìjíríà kì í ní in. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fẹ́, mo ní in, ₦12,000. Nítorí yín, ẹ mú 10 wá.”

Inú bí mi débi pé ọwọ́ mi ń gbọ̀n. Mo gbé mọ́nítọ̀ padà sínú páálí, mo gbé páálí padà sí Ìkẹjà. Ẹ̀rín ìjọ́sí kò sí lójú rẹ̀ mọ́. Ó nawọ́ sí pépà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri, pé ọjà tí àwọn bá ti tà, àwọn kì í gbà á padà. Mo ní mi ò wá dá ọjà padà, ohun tó jẹ́ tèmi ni mo wá gbà. Ó ní mò ń pariwo lé àwọn oníbàárà òun lórí. Ó bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ó dáhùn fóònù, ó ka owó, ó fi mí sílẹ̀ níbẹ̀ lórí ìdúró. Àgbàlagbà ni, mi ò fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ tí yóò kọjá ààlà sí i, ìyẹn gan-an ló sì ń dùn mí.

Ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ló jáde láti ẹ̀yìn. Kò lè ju ọmọ ogún ọdún lọ. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, “Ẹ kú ìnáwó, bọ̀dá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín wò ó.” Ó gba páálí lọ́wọ́ mi kí ọ̀gá rẹ̀ tó sọ̀rọ̀. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe àtúnṣe lẹ́yìn ló so ó mọ́, èyí tó ní káàdì tó gbé e dáadáa. Ó kọ́kọ́ lo HDMI mi, ó yan 144, ojú rẹ̀ ṣú. Kò bú mọ́nítọ̀, kò bú mi. Ó fọwọ́ pa wáyà náà, ó ní, “Ti àtijọ́ lèyí. Kò lè gbé 1440p ní 144.” Ó mú HDMI mìíràn nínú dúrọ́ọ̀, ó so ó mọ́ ọn, 144 dúró gbọn-in. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé HDMI 2.0 ló wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ yìí, pé ibi tó ń dúró sí ní 1440p nìyẹn, kò sì sí bí mo ṣe lè dé 165 láìjẹ́ pé mo gba DP. Ọ̀rọ̀ tí mo ti ń kà kiri láti ọjọ́ yìí ni, ọmọ yìí sọ ọ́ láàárín èémí méjì.

Lẹ́yìn náà ló lọ sí iwájú ṣọ́ọ̀bù, ó gbé ọwọ́ sókè, ó já wáyà DP kan lára àwọn tí wọ́n so rọ̀ lẹ́yìn orí ọ̀gá rẹ̀. Inú ọ̀rá pẹlẹbẹ ló wà, wọ́n fi okùn dúdú kékeré dì í bí ilé iṣẹ́ ṣe ń dì í. Ó yí ẹnu wáyà náà sí ìmọ́lẹ̀. Orúkọ kan wà lára rọ́bà ẹnu rẹ̀, wọ́n tẹ̀ ẹ́ wọlé, kò ní àwọ̀, bí èèyàn kò bá gbé e sí ẹ̀gbẹ́ iná kò ní rí i. Orúkọ kan náà tó wà lẹ́yìn mọ́nítọ̀ mi.

“Ọ̀gá,” ó pè é jẹ́jẹ́, “ti mọ́nítọ̀ yìí ni.”

Gbogbo wa dákẹ́. Ẹ̀gbọ́n wo wáyà, ó wo mi, ó ní, “Ẹ máa mú u lọ.” Kò ní ẹ má bínú. Títí tí mo fi kúrò níbẹ̀, kò sọ ọ́.

Ọmọbìnrin náà kò tíì ṣe tán. Ó so DP, ó yan 165, ó ṣí TestUFO. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, ìkànnì ọ̀fẹ́ kan ni tí àwọn àwòrán ọkọ̀ òfurufú kékeré ti ń sáré kọjá, ọ̀kan ní iye Hz yín, ìkejì ní ìdajì rẹ̀, ìkẹta ní ìdá mẹ́rin rẹ̀. “Ẹ fojú tẹ̀ lé ti òkè, bọ̀dá.” Mo fojú tẹ̀ lé e, mo rí ojú ohun tó jókòó nínú ọkọ̀ náà kedere bó ti ń sáré. Ti ìsàlẹ̀ ń fò, ó ń di méjì. Ẹ̀rí nìyẹn, kì í ṣe fídíò ọkọ̀ ìje. Ó tún fi ojú mọ́nítọ̀ ṣe funfun, dúdú, pupa, àwọ̀ ewé àti búlúù, ó ń fi ìka rẹ̀ tọ ojú rẹ̀ láti igun dé igun láìfọwọ́ kàn án, ó ń wá ibi tó bá ti kú. Kò rí ọ̀kan. Nígbà tó di dúdú, ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ yọ ní igun ìsàlẹ̀ lápá òsì. Òun ló kọ́kọ́ sọ ọ́, lójú ọ̀gá rẹ̀, ó sì fi hàn mí pé bí mo bá sún orí mi sẹ́gbẹ̀ẹ́, ìmọ́lẹ̀ náà yóò yí ipò padà, pé bí IPS ṣe rí nìyẹn.

Lọ́jọ́ kejì ó pè mí. Ó ní ṣé mo ti tan FreeSync nínú mẹ́nù mọ́nítọ̀ fúnra rẹ̀, pé ó máa ń wà ní pípa. Pípa ló wà lóòótọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń lo káàdì àwòrán Nvidia, tí kì í ṣe ti AMD tó ṣe FreeSync, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé FreeSync kò kàn yín. Láti oṣù kìíní 2019 ni Nvidia ti ń gbà á láàyè lórí DisplayPort.

Mọ́nítọ̀ náà wá ńkọ́? Ó dùn ún lò kọjá bí mo ṣe rò. Ní 60Hz, nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ńdì 16.7 ni àwòrán kan fi ń dúró kí òmíràn tó dé. Ní 165, ó dín sí bíi 6. Nínú géèmù Valorant, bí ẹnìkan bá yọ lẹ́yìn ògiri, mo ń rí èjìká rẹ̀ kí gbogbo ara rẹ̀ tó jáde. Máòsì gba ọwọ́ mi gbọ́. Ẹ rántí wọ inú géèmù kọ̀ọ̀kan náà o, àwọn kan ní iye Hz tiwọn tí wọ́n ń dì mú, wọ́n sì lè dá yín padà sí 60. Kò sì sí ohun tí mọ́nítọ̀ lè ṣe sí píǹgì, ìyẹn iye mílísẹ́kọ́ńdì tí ìsọfúnni fi ń lọ tó sì ń bọ̀ láàárín kọ̀ǹpútà yín àti sáfà, kọ̀ǹpútà tí géèmù wà lórí rẹ̀. Láti Súrùlérè títí dé sáfà Yúróòpù, tèmi kì í sábà wá sílẹ̀ ju 100 lọ, ẹni tó bá rà á nítorí ìyẹn yóò kàn náwó dànù ni.

Ẹni tó bá jẹ́ PS4 nìkan ló ní, kó má ra irú èyí, nítorí PS4 kì í kọjá 60Hz. PS5 ti ń ṣe 1440p láti oṣù kẹsàn-án 2022, ó sì ń dé 120Hz nínú àwọn géèmù tó bá gbà á, àmọ́ kì í lo FreeSync.

Ìdí mọ́nítọ̀ náà, ìyẹn ẹsẹ̀ tó fi ń dúró, kò dáa. Bí mo bá ń tẹ kíbọ́ọ̀dù, orí mọ́nítọ̀ ń mì, kò ṣe é gbé sókè, ìwé atúmọ̀ èdè ńlá kan ni mo fi tẹ́ ẹ nísàlẹ̀. Ẹ̀rọ ohùn inú rẹ̀ kò yẹ kí wọ́n fi sí i rárá. Ádápítọ̀ rẹ̀ ń gbóná, ṣùgbọ́n ó ń gba 100 sí 240 fólítì, torí náà nígbà tí iná NÉPÀ bá wálẹ̀ tí fáànù ń yí jẹ́jẹ́, kò kú mọ́ mi lọ́wọ́ bí ti àtijọ́ mi ṣe máa ń kú.

Máàkì: 9 nínú 10, mọ́nítọ̀ àti ṣọ́ọ̀bù pa pọ̀. Àbúrò mi fẹ́ ra tirẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ibẹ̀ náà la ó ti rà á, a ó sì tú páálí lórí káńtà.