Pípín owó lórí ọmọ àbí DEA: èwo la fi ń mọ sẹ́kọ́ńdírì tí ò fi nǹkan ṣòfò?

Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Èkíní, ẹ kó gbogbo owó tí ilé ìwé ná lọ́dún, kẹ́ ẹ pín in sórí àwọn ọmọ tó gba kírẹ́díìtì márùn-ún nínú WAEC, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Ìkejì ni DEA (Data Envelopment Analysis), ọ̀nà ìṣirò tí àwọn onímọ̀ Charnes, Cooper àti Rhodes gbé jáde ní 1978, òun máa ń fi ohun tí ilé ìwé kọ̀ọ̀kan lò àti èrè tó rí níbẹ̀ wé tàwọn tó ṣe dáadáa jù nínú ẹgbẹ́ ẹ̀, á wá fún un ní máàkì láti 0 dé 1; 1 ló dáa jù.

Èkíní ò náni ní nǹkan kan, bírò àti foonu ti tó. DEA fẹ́ kọ̀ǹpútà àtẹni tó mọ̀ ọ́n lò.

Ewu wọn ló ká mi lára jù o. Ká ní ilé ìwé kan ná mílíọ̀nù 20 náírà, ọmọ 100 yege, 200,000 lórí ọmọ kan nìyẹn. Ilé ìwé kejì ná mílíọ̀nù 12, ogójì péré ló yege, ó di 300,000, wọ́n á ní ó ń fowó ṣòfò, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ tó gbà sí JSS1 ò tíì lè kàwé dáadáa! DEA lè ro ìyẹn mọ́ iye tíṣà àti kíláàsì, tí àkọsílẹ̀ bá wà. Ṣùgbọ́n tílé ìwé ò bá pọ̀, ó lè fún ọ̀pọ̀ jù lọ wọn ní 1, àṣìṣe kan ṣoṣo nínú àkọsílẹ̀ ilé ìwé tó gba 1 sì lè ba máàkì àwọn yòókù jẹ́.

Ẹ̀yin PTA àti ọ̀gá ilé ìwé tó fẹ́ fi ọdún yìí wé èṣí, ẹ lo èkíní. Ìjọba ìpínlẹ̀ tó fẹ́ mọ ibi tí tíṣà ti pọ̀ jù nínú ọ̀pọ̀ ilé ìwé, DEA ló máa wúlò fún wọn, tí wọ́n bá ti yẹ àkọsílẹ̀ wò dáadáa.